Ẹja Alẹ́ Ọjọ́ Iṣẹ́: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ fún Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó oṣù ẹgbẹ́ tí àwọn kan ò tíì san (ẹ mọ ara yín). Ọ̀rọ̀ ikùn ni. Kí ni àwọn ọmọ wa ń jẹ lálẹ́?

Ilé tiwa la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun là ń bá wí. Àwa àti ìyá àwọn ọmọ, ọjà la jọ ń lọ. Ìkòkò, abọ́, páànù àti ṣíbí là ń tà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ń ti ṣọ́ọ̀bù, ká tó rí kẹ̀kẹ́ NAPEP tó máa gbé wa dé ilé, aago méje ti kọjá dáadáa. Nígbà tí a bá fi máa wọlé, àwọn ọmọ ti se Ìńdómì. Ọjọ́ Ajé, Ìńdómì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìńdómì. Ọjọ́rú, àgbà inú wọn ti lọ ra máásà níta, èyí àbíkẹ́yìn ti jẹ búrẹ́dì sùn. Ó tó ọdún méjì tí a fi bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ń sọ pé kò sí àyè. Kò sí ẹni tó ń jókòó ti ẹnì kan jẹun mọ́, àfi lọ́jọ́ Àìkú.

Ṣé ìṣẹ́ ló fà á? Owó wà níbẹ̀, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a jókòó tí a ṣírò owó Ìńdómì, ẹyin, búrẹ́dì àti máásà tí ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹja. Ohun tó ń dà wá láàmú gan-an ni pé àwa Yorùbá ti gbà pé ohun tí kì í bá ti í ṣe ọbẹ̀ ata, tí a lọ̀, tí a sè kí omi rẹ̀ gbẹ, tí a tún dín fún bíi wákàtí kan, kì í ṣe oúnjẹ. Bí kò bá sí àyè láti se ọbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí oúnjẹ nìyẹn, kí oníkálukú lọ wá nǹkan fi sẹ́nu.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tí a wà. Jos yìí ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Omi tó ń hó lórí iná níbí kò gbóná tó omi tó ń hó ní Èkó. Ti Èkó máa ń gbóná dé 100 kí ó tó hó, tiwa níbí, bó bá ti dé nǹkan bíi 96, ó ti ń hó nìyẹn, kò sì ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ bó o tilẹ̀ kó gbogbo gáàsì Jos sábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná lọ́dọ̀ wa. Gbogbo àlejò tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà wá kí wa ló máa ń sọ pé ẹ̀wà Jos le. Ẹ̀wà kọ́, omi ni. Ohun gbogbo tí a bá fi omi sè níbí, ó ń jẹ àkókò àti gáàsì ju ti ilé lọ. Ṣùgbọ́n òróró tó wà nínú páànù ò mọ̀ pé Jos la wà. Bó ṣe ń gbóná ní Ìbàdàn náà ló ń gbóná níbí. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ẹja Títù. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Inú òkun tútù àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń pa á, inú yìnyín ló máa ń wà títí ọkọ̀ ojú omi á fi gbé e dé Èkó, ọkọ̀ ńlá tó ní fírísà á tún gbé e gòkè wá bá wa. Ọ̀nà tí àwa fi ń jẹ ẹ́ láti kékeré kò ju méjì lọ: kí á gé e gbìrì gbìrì kí á dín in gan, tàbí kí á jù ú sínú ọbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló wà, òun la sì ń jẹ láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á má gé e gbìrì. Kí ó la ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, kí ó yọ ìfun àti eegun ẹ̀yìn kúrò, kí ẹja náà di pẹlẹbẹ méjì. Àwọn kan máa ń bínú tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nítorí èrò tó dúró lẹ́yìn yín. Ẹ fara balẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ wọ́n á kùn, lẹ́ẹ̀kẹrin wọ́n á ti mọ̀ yín. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ ṣe é fúnra yín nílé, ọ̀bẹ tó bá mú ni, kò le. Ẹ má ju orí àti eegun rẹ̀ nù, ẹ kó o sí fírísà, ọbẹ̀ ọjọ́ Sátidé nìyẹn.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣan án, ẹ wá fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Ẹja tí omi bá wà lára rẹ̀ kò ní dín, ńṣe ló máa sè nínú òróró, á sì lẹ̀ mọ́ páànù, ẹ̀ ó wá máa sọ pé páànù tí wọ́n tà fún yín ò dáa. (Àwa tí a ń ta páànù ni ẹ̀ ń bú yẹn o.) Nígbà tó bá ti gbẹ, ẹ gé pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ fi yájì pa á lára.

Yájì Jos, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò láfiwé. Àwọn Hausa ló ni ín, ọwọ́ wọn la ti kọ́ ọ: ata gígún, ata ilẹ̀, kànáfùrù, èèrù, iyọ̀, máàgì, àti kúlíkúlí tí a lọ̀ mọ́ ọn. Kúlíkúlí yìí ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ó máa ń tètè jó nínú òróró. Nítorí náà, àwa kì í ra yájì ẹlẹ́ran fún ẹja. A máa ń sọ fún màlámù tó ń tà á pé kí ó bá wa pò ó láìsí kúlíkúlí, á rẹ́rìn-ín, á sì pò ó. Lẹ́yìn náà a ó fi áyù gígún díẹ̀ kún un.

Òróró díẹ̀ nínú páànù tó nípọn, kí iná má pọ̀ jù. Ẹ fi awọ ẹja náà sísàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó má baà ká. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ yí i padà, ìṣẹ́jú méjì. Ẹ da òróró tó bá ṣẹ́kù kúrò. Oyin ṣíbí méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ata gígún díẹ̀ àti omi ṣíbí méjì tí ẹ ti pò pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ dà á sí i. Á máa hó yaya, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ẹ máa fi ṣíbí bù ú lé ẹja náà lórí, ìṣẹ́jú kan péré, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Ẹ pa iná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da oyin sí i kí ẹja tó jinná, èédú ló máa jẹ, nítorí oyin kì í fara da iná. Ẹni tó bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nílé, kí ó má fún un ní oyin rárá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kí á tó gbé ẹja lé iná ni a ti gbé ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áyíríìṣì, sórí iná kejì. Ìpínlẹ̀ tiwa yìí ló ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, kò wá yẹ kó wọ́n wa lẹ́nu. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ó jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, àní pẹ̀lú omi Jos tí kò gbóná. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì láti Farin Gada, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ wọ́n iyọ̀ àti ọsàn sí i. Ó parí. Láti ìgbà tí a bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà títí dé ìgbà tí àwọn ọmọ bá jókòó, kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní ìpàdé tó kọjá, a sọ ọ́, bàbá wa kan sì bú sẹ́rìn-ín: "Èwo ni ti oyin lára ẹja? Ṣé oògùn lẹ fẹ́ ṣe ni?" A kí wọn, a ò bá wọn jiyàn níbẹ̀, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi wọ́n léèrè níbí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: bàbá, dòdò tí ẹ ń fi ẹja díndín àti ata jẹ láti ìgbà tí ẹ ti wà ní kékeré ńkọ́? Ṣé dòdò ò dùn ni? Àdùn àti ata ti jọ ń gbé nínú àwo wa tipẹ́. Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló máa bí àwọn kan nínú. Ta ló máa dín ẹja náà? Ilé tiwa, ọwọ́ ọkọ ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sun sùyà ní gbogbo ojú títì Jos, ṣé obìnrin ni wọ́n? Ọkùnrin ló ń ge ẹran, ọkùnrin ló ń pò yájì, ọkùnrin ló ń yí i padà lórí iná, àwa ọkùnrin ló sì ń dúró níwájú rẹ̀ tí a ń yìn ín. Ìgbà tó wá di inú ilé tiwa, a ní ilé ìdáná kì í ṣe ti ọkùnrin. Obìnrin tó ti dúró nínú òòrùn àti eruku láti àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe dúró, tó jẹ́ pé owó yín ló jọ ń san owó ilé ìwé, òun ló máa wọlé tí kò ní bọ́ gèlè kó tó wọ ilé ìdáná, ìwọ á na ẹsẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má bínú, kò dáa. Ìyá àwọn ọmọ máa ń bó áyíríìṣì, àgbà nínú àwọn ọmọ máa ń rẹ́ kábéèjì, àwa a dúró ti páànù. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti ń sá kíláàsì ìṣirò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ìgbà Ìńdómì ni, a ò bá má mọ̀ títí èsì ìdánwò á fi dé.

Kì í ṣe ohun tuntun náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lọ́dún 2008 àti 2010, ẹ rántí kọ́fíù. Ẹ rántí bí gbogbo ìlú ṣe ń sá wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ọkọ, ìyàwó, ọmọ àti àlejò jọ há mọ́ inú ilé kan. Ọkùnrin tí kò wọ ilé ìdáná rí wọ̀ ọ́ nígbà náà. Ohun tó bá yá là ń sè, nítorí kẹrosíìnì ò sí. Agolo Geisha àti sàdíìnì ló gbà wá nígbà yẹn, kó tó wá di ọdún 2015 tí báǹkì àgbà fi ẹja inú agolo sí ara àwọn ọjà 41 tí wọn ò ní ta dọ́là fún ẹni tó ń kó o wọlé. Láti ìgbà náà ni agolo ti di ohun olówó. Bí wọ́n tilẹ̀ ti mú òfin yẹn kúrò lọ́dún 2023, owó rẹ̀ ò padà síbi tó wà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo, òun gan-an ló jẹ́ ká kọ èyí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, nígbà tí wáyà iná ńlá bà jẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òkè ọya wà lókùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn tó ń ta ẹja fírísà rí. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n ju èrè ẹja lọ. Kò pẹ́ tí iná dé, a ra Títù méjì lọ́wọ́ ẹnì kan. A ò ní dárúkọ, ọmọ ilé ni. Ẹja náà le gan-an bí òkúta, kò rùn, ojú rẹ̀ ò burú. A sè é, a jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí kan, ojú àwọn ọmọ pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ara ń yún wọn, orí ń fọ́ wọn, àbíkẹ́yìn ń bì. Ìyá wọn náà ń họ ọrùn. A rò pé wọ́n fi nǹkan sí i fún wa ni, ẹ mọ bí ọkàn ṣe ń rò lóru. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló gbà wá. Oògùn tí wọ́n ń lò fún ara yíyún ló fún wọn, nígbà tó máa fi di ìdájí, ó ti rọlẹ̀.

Òun ló là wá lóye. Ó ní Títù àti irú rẹ̀, bí ó bá ti yọ́ tó sì pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí á sọ ohun kan tó wà nínú ẹran ara rẹ̀ di májèlé. Bí wọ́n bá tún dá a padà sínú fírísà, á gan padà, ṣùgbọ́n májèlé yẹn ò lọ. Iná ò lè pa á. Díndín ò lè pa á, sísè ò lè pa á, yíyan náà ò lè pa á. Ẹja náà sì lè má rùn rárá. Ó ní bí ẹja bá ń ta yín ní ahọ́n bí ata nígbà tí ẹ ò tíì fi ata sí i, ẹ tu ú dànù. Ó ní bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́ tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, kí ẹ má dúró de àárọ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ká máa wo ojú ẹja? Lóòótọ́, kí ẹ wò ó: kí ojú rẹ̀ mọ́, kí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, kí ìsàlẹ̀ páálí rẹ̀ má ní yìnyín ẹlẹ́jẹ̀, torí yìnyín ẹlẹ́jẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ti yọ́ rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tú u kúrò nínú páálí, kí lẹ fẹ́ wò? Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún yín ló kù. Àwọn tó sì ń tà á fún wa, ọ̀pọ̀ wọn, ìyá wa, àbúrò wa àti ìyàwó wa ni.

A mọ ìdí tí wọ́n fi ń dá a padà sí fírísà. Páálí kan jẹ́ kílò 20. Ẹni tí páálí mẹ́rin bá bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, owó àjọ rẹ̀ ló lọ yẹn, bóyá owó ilé ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Ìkà kọ́ ló ń ṣe é, ìbẹ̀rù ni. Àwa tí ọjà wa kì í bà jẹ́, tí ìkòkò wa lè wà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta, a ò gbọ́dọ̀ máa fi ẹnu gbẹ́nu bú wọn.

Èrò tiwa rè é, kí a gbé e dé ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí gbogbo àwọn tó ń ta ẹja fírísà láàárín wa jókòó pọ̀. Bí iná bá lọ tí kò sí epo, ẹja tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, tó ṣì tutù, kí wọ́n yan án lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tà á ní ẹja yíyan. Èyí tó bá ti sùn mọ́ ooru mọ́jú, kí wọ́n dà á nù. Kí ẹgbẹ́ wá yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá da ẹja nù níwájú ẹlẹ́rìí méjì lè rí apá kan owó rẹ̀ gbà padà. Àwọn kan á ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹja. Ti kí ni? A fi ra àga lọ́dún tó kọjá. Àwọn àga náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la tíì jókòó lé wọn.

Ẹni tó bá ní èrò tó dára ju èyí lọ, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, a máa kà á. Ẹni tó bá fẹ́ bú wa náà, àyè wà.

Ní báyìí tí a ń kọ èyí, ẹja méjì ló wà nínú abọ́, a ti nù wọ́n gbẹ. Obìnrin tó tà á fún wa láàárọ̀ la páálí rẹ̀ níwájú wa, kò sí yìnyín ẹlẹ́jẹ̀. Áyíríìṣì ti ń hó. Ẹni tó bá wà nítòsí kó yà, ṣùgbọ́n kó má pẹ́ o, torí àwọn ọmọ yìí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.